Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà Wa Wà?

Nígbàkúùgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá ń ṣe àjọ̀dún, a kì í ṣàì gbọ́ ìròyìn ẹ̀bùn. Sẹ́ẹ̀tì kan yóò kọ́ gbọ̀ngàn, òmíràn yóò gbẹ́ kànga, òmíràn yóò sì pèsè kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ tí ó jókòó lónìí sí ibi tí àwa náà jókòó sí rí. A óò ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí, a óò gbàdúrà, a óò ya fọ́tò, oníkálukú yóò sì padà sí ilé rẹ̀. Ohun rere ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ná owó àti ara rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí: nígbà tí ẹni tí ó to àwọn kọ̀ǹpútà náà bá ti lọ tán, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà?

Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni mo ń wí. Àṣẹ lórí àpótí irin kékeré kan ni mo ń wí, èyí tí ó máa ń wà ní igun yàrá, tí ó ní ihò 8, tàbí 24, tàbí 48, tí iná wẹ́wẹ́ sì ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Swíìṣì ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí a fi ń tan gílóòbù. Wáyà láti ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà kan bá rán iṣẹ́ sí èkejì, swíìṣì ni yóò gbà á, tí yóò wo ẹni tí a rán an sí, tí yóò sì fà á lé onítọ̀hún lọ́wọ́, bí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ayé àtijọ́ tí ó mọ gbogbo ilé tí ó wà ní àdúgbò. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà 40 kò ju 40 àlejò tí kò gbọ́ èdè ara wọn lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti gbé ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì kúrò lórí bébà pátápátá, tí ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ ní ibùdó ìdánwò kò rí nǹkan kan ju ìbéèrè tí ó wà lójú gíláàsì lọ, ṣùgbọ́n ara wáyà àti inú swíìṣì ni ìbéèrè náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìdáhùn rẹ̀ yóò gbà padà. Bí àpótí kékeré yìí bá kọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bá a sọ̀rọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jìyà rẹ̀. Bákan náà ni àkọsílẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti èsì ìdánwò, tí wọ́n ti ń kúrò nínú ìwé ńlá tí àwa mọ̀, tí wọ́n ń wọ inú kọ̀ǹpútà.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń pàdánù àṣẹ lórí ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà? Ọ̀nà méjì ni ó pọ̀ jù.

Èkínní ni kí ọ̀nà já. Àwọn swíìṣì tí ó gba ìtọ́ni ní àdírẹ́sì tiwọn àti ọ̀rọ̀ aṣínà tiwọn. Oníṣẹ́ lè jókòó sínú ọ́fíìsì, tàbí ní ìlú mìíràn pàápàá, kí ó gba ojú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọ inú swíìṣì náà, kí ó sì pín in sí agbo-ilé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VLAN. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní agbo-ilé akápò kò ní í jáde sí agbo-ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí oníṣẹ́ náà ń gbà fún swíìṣì ní àṣẹ, inú swíìṣì náà gan-an ni ó kọjá. Bí ó bá ṣi àṣẹ kan pa lórí ọ̀nà yìí, ó di adẹ́mu tí ó wà lókè ọ̀pẹ, tí ó fi ọ̀bẹ ara rẹ̀ gé igbà tí ó gbé e dúró.

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí hàn yín. Lórí swíìṣì Cisco, bí ènìyàn bá fẹ́ kí agbo-ilé tuntun kan, kí a pè é ní 30, máa gba ara wáyà ńlá tí ó so swíìṣì méjì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan, add, sínú àṣẹ tí ó ń pa, kí ẹ̀rọ náà lè mọ̀ pé a fẹ́ fi 30 kún àwọn tí ó ti wà níbẹ̀. Bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ohun tí swíìṣì gbọ́ ni pé 30 nìkan ṣoṣo ni kí ó gbà láàyè. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò ti gbogbo àwọn yòókù síta, bí ọ̀nà tí oníṣẹ́ náà gbà wọlé bá sì wà lára wọn, a ti ti òun náà síta. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó sọnù, odindi ilé-ẹ̀kọ́ sì lè dákẹ́.

Èkejì ni kí kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀, swíìṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tò ó ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, tàbí ó ti kọjá sí Kánádà, ọ̀rọ̀ aṣínà náà sì bá a wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Ó lè tó ọdún mẹ́ta kí a tó mọ̀ pé a ti pàdánù ohun kan, nítorí pé ohun gbogbo ṣì ń lọ déédéé. Ọjọ́ tí a bá nílò àyípadà ni a óò tó mọ̀ pé àlejò ni a jẹ́ nínú ilé wa.

Ohun tí ó sì máa ń tẹ̀lé e ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n ké sí oníṣẹ́ kan láti ìgboro. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ihò kékeré kan tí ó wà lára swíìṣì náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, iná rẹ̀ kú, ó sì tún tàn. Ó sọ pé iṣẹ́ parí, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lóòótọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì padà dé. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ó ti pa gbogbo ìtọ́ni tí ó wà nínú swíìṣì náà rẹ́, ó sì ti dá a padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Gbogbo ògiri tí a mọ sáàárín agbo-ilé àti agbo-ilé ti wó. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì akápò àti ti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ nínú àwo kan náà. Ní àwọn ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kò tilẹ̀ ké sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ra tuntun, wọ́n á sì ju èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sínú yàrá ẹrù. Aláìsàn tí kò tíì kú ni wọ́n sin.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣẹlẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí ti ronú nípa ọjọ́ ìṣòro, wọ́n sì ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún onílé. Lára ọ̀pọ̀ swíìṣì tí ó gba ìtọ́ni ni ihò kan wà tí kì í ṣe ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Console ni orúkọ rẹ̀. Wáyà kan ni a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tààrà. Lórí ọ̀pọ̀ swíìṣì Cisco, 9600 ni ìwọ̀n ìyára tí a óò fi bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohunkóhun tí ó wù kí ó bàjẹ́ lójú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kò kan ọ̀nà yìí, nítorí pé kò gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ni ó já, tí ọ̀rọ̀ aṣínà sì wà lọ́wọ́, ẹni tí ó ní wáyà yìí yóò wọlé, yóò tún àṣẹ tí a ṣì pa ṣe, yóò sì jáde láìjẹ́ pé ohun mìíràn bàjẹ́.

Kí ó tó ṣe ìyẹn pàápàá, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè: ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣe àṣìṣe náà ti fi í pamọ́? Lórí irú swíìṣì tí mo ń wí yìí, ìtọ́ni oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́, tí yóò pa rẹ́ bí iná bá lọ. Èkejì ni èyí tí a fi pamọ́, tí ẹ̀rọ yóò kà nígbà tí ó bá tún jí. Bí a kò bá tíì fi àṣìṣe náà pamọ́, kí a yọ wáyà iná, kí a sinmi díẹ̀, kí a tún un fi bọ̀ ọ́, ó tó. Swíìṣì yóò jí pẹ̀lú ọgbọ́n àná. A ti bú ilé-iṣẹ́ mànàmáná títí ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó dájú pé iná tí ó lọ lójijì ti gba oníṣẹ́ tí kò mọ̀ lọ́wọ́ ìtìjú rí. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ní ilé-ẹ̀kọ́ tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, oníṣẹ́ tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó dára tí kò fi í pamọ́, omi ni ó fi apẹ̀rẹ̀ pọn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni ó sọnù ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ swíìṣì Catalyst tí Cisco ṣe, bọ́tìnnì kan wà níwájú tí a kọ Mode sí. A óò yọ iná, a óò tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, a óò sì fi iná bọ̀ ọ́ padà láìtíì gbé ọwọ́ kúrò. Swíìṣì náà yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní í jí tán. Níbẹ̀ ni a óò ti yí orúkọ ìwé tí ìtọ́ni rẹ̀ wà nínú rẹ̀ padà, config.text, sí orúkọ mìíràn, a óò sì wá ní kí ó jí. Bí ó bá wá ìwé náà tí kò rí i, yóò rò pé ẹ̀rọ tuntun ni òun, kò sì ní í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá ti wọlé tán, a óò dá orúkọ ìwé náà padà, a óò ka ìtọ́ni inú rẹ̀ wá sí ìrántí ẹ̀rọ, a óò fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun rọ́pò èyí tí ó sọnù, a óò sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò pa ohunkóhun rẹ́. Gbogbo ògiri dúró sí ààyè rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti iṣẹ́ ọkùnrin alábẹ́rẹ́ nì kò ju sùúrù àti ìmọ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á. Àwọn tí ó ṣe swíìṣì gbà pé ẹni tí ó lè dúró síwájú rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kàn án, ni onílé. Nítorí náà, bí àpótí náà bá wà ní gbangba níbi tí gbogbo ènìyàn ń kọjá, gbogbo ènìyàn ni onílé. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní àgádágodo wà lára ọ̀rọ̀ aṣínà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àìní ilẹ̀ Áfíríkà ni mo ń ròyìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà iṣẹ́ àtúnṣe ni ó já gbogbo ọ̀nà tí ó so àwọn ibùdó ẹ̀rọ wọn pọ̀, àti pé irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró ní àbùkù. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ wọn ì bá gbà wọlé láti tún un ṣe ti bá a lọ, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ìṣòro pàápàá kò ṣiṣẹ́. Ó di dandan kí wọ́n rán ènìyàn lọ sí ibùdó ẹ̀rọ gan-an, ó sì tún pẹ́ kí wọ́n tó ráyè wọlé, nítorí pé a kọ́ àwọn ilé náà kí ó lè ṣòro láti wọ̀. Ẹ̀yin tí ìpè yín sí ọmọ yín ní òkè òkun kò lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, swíìṣì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ẹ rí yẹn, bí ó tilẹ̀ tóbi jù ú lọ lọ́nà tí kò ṣeé kà.

Ti ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 2008, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú náà kan, Terry Childs, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńlá ìlú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kọ̀ láti fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ní wọn kò tó ẹni tí òun lè fi í lé lọ́wọ́. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé, inú àtìmọ́lé ni ó sì wà kí ó tó fà á lé olórí ìlú, Gavin Newsom, lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2010, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo àkókò náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣiṣẹ́. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ tí a ti dá. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ìlú náà ti fi odindi àṣẹ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo kí ìjà tó dé. Bí ó bá ṣe pé ikú ni ó mú un lọ ńkọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá?

Mo mọ àwọn àtakò tí yóò dìde. Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn méjì mọ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọ mọ̀ pé ohun tí a kò fẹ́ kí ó sọnù ni a kì í fi sọ́wọ́ ẹnì kan. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ọrẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dá ṣí i. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò dín kù níbẹ̀. A kàn ń dáàbò bo ohun tí í ṣe ti gbogbo wa, a sì ń dáàbò bo orúkọ rere ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn yóò wí pé kí a kúkú ra swíìṣì tí kò gba ìtọ́ni, tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Mo gbà pẹ̀lú wọn bí ó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, tí kò sí ohun tí a fẹ́ yà nípa. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ọ́fíìsì, yàrá ìkàwé àti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń pín wáyà, àìní ògiri kì í ṣe ìrọ̀rùn. Ti àwọn tí yóò sọ pé owó kò sí, mo fèsì pé wáyà console kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó swíìṣì, bébà àti àpòòwé kò sì tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mo bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde pé kí a má ṣe ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí yàrá kọ̀ǹpútà kankan mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi kó ohun mẹ́ta sílẹ̀: ìwé tí ó ṣàlàyé ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ àti àdírẹ́sì swíìṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà ìtọ́ni inú wọn, àti wáyà console tí a so mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bẹ ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ alákòóso pé kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú àpòòwé méjì tí a lẹ̀, ọ̀kan ní àpótí owó ilé-ẹ̀kọ́, èkejì lọ́dọ̀ alága ìgbìmọ̀. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣí i, kí a sì yí i padà bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo bẹ àwọn oníṣẹ́ tí ó wà láàárín wa, tí wọ́n ń ti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù bá wa tọ́jú ẹ̀rọ, pé kí wọ́n má ṣe pa àṣẹ tí ó léwu láti ọ̀nà jíjìn láìkọ́kọ́ di igbà mìíràn mọ́ra. Lórí Cisco, a lè sọ fún swíìṣì pé kí ó pa ara rẹ̀ kí ó sì tún jí ní ìṣẹ́jú 10 sí i. Bí àṣẹ wa bá tì wá síta, yóò jí pẹ̀lú ìtọ́ni àtijọ́. Bí ohun gbogbo bá dára, a ó fagi lé e, a ó sì fi iṣẹ́ wa pamọ́. Juniper náà ní irú rẹ̀: bí a kò bá padà wá jẹ́rìí sí àyípadà tí a ṣe láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ̀rọ yóò dá a padà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ti béèrè iye owó tí a ná, ẹ tún béèrè ibi tí àpòòwé wà. Ìbéèrè tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a mú swíìṣì àtijọ́ kan jáde láti inú yàrá ẹrù, kí a gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ SS2, kí a sì kọ́ wọn bí a ti ń wọlé padà sínú rẹ̀. Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ mọ̀ pé àwọn kò ní í wà níhìn-ín títí. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Bí ilé náà ti ṣe dúró di òní nìyẹn. Bí a bá fún àwọn ọmọ wa ní ẹ̀rọ láìfún wọn ní àṣẹ lórí rẹ̀, ẹrù ni a gbé lé wọn lórí. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa máa kan ilẹ̀kùn ilé tí í ṣe tiwọn.